Mo-Ti-Mọ̀ Lọ Ṣèdánwò Dókítà Ọpọlọ

Wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ya wèrè. Wọ́n ní inú yàrá ìdánwò ló ti mú un, pé ó bọ́ kóòtù sọ́wọ́, ó ń rìn bọ̀ láàárín títì, ó ń bi òpó iná pé ṣé ó sùn dáadáa. Wọ́n ní àìsàn àwọn tó ń tọ́jú ló ti ràn án. Ìyá Ojú-Fèrèsé ló gbé e jáde, obìnrin tó ń gbé lókè ilé tó kọjú sí tiwa. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ojú fèrèsé ló máa ń wà, àfi bí ẹni pé òun ni kọ́tìnnì ibẹ̀. Kò rí ìdajì ohun tó ń sọ, ìdajì tó sì rí, kò yé e.

Ọmọ náà ò ya wèrè. Ká ní ó ya wèrè ni, à bá ṣàánú ẹ̀. Orí ẹ̀ pé pérépéré nígbà tó ṣe ohun tó ṣe, ìyẹn ló ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, torí inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, ìyàwó ẹ̀ sì wà níbẹ̀, kò jẹ́ kó gbé ìkankan mì.

Télọ̀ ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì ní kẹ́nikẹ́ni bá mi dárò. Mo ti rán ṣòkòtò fún dókítà, mo ti rán fún lọ́yà, tí mo bá na téèpù yí wọn nídìí, mi ò rí èyí tí ìwé tó kà fi nǹkan kan kún ìdí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bí ọmọ yìí. Ìyá ẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ kékeré, ọ̀dọ̀ mi ló sì dàgbà sí. Láti ìgbà náà la ti ń pè é ní Mo-Ti-Mọ̀. O ò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi máa já a gbà lẹ́nu ẹ. Mo lè ní, “Sáré lọ bá mi ra òwú, kó o sọ fún wọn pé—” Á ní, “Mo ti mọ̀, Àǹtí,” ó ti bọ́ síta. Tó bá dé, òwú funfun ló máa gbé dání, aṣọ dúdú sì ni mo tẹ́ sórí ẹ̀rọ. Tí mo bá ní kí lèyí, á ní èmi ni mi ò sọ. Bí mo bá fẹ́ fa etí ẹ̀, wọ́n á ní kí n má fà á, pé ọmọ tó ń gba ipò kìíní ni. Ipò kìíní yẹn ló bà á jẹ́. Ọ̀gá iléèwé wọn á fọwọ́ pa á lórí níwájú gbogbo ọmọ, òun náà á wá máa wò wá nílé bí ẹni tó ṣèèṣì já sáàárín wa.

Ó wọ yunifásítì, ó ní dókítà lòun máa jẹ́, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọn ò tíì gé ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tán tí Mo-Ti-Mọ̀ fi nà gbalaja sílẹ̀. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Nígbà tó di pé kó yan èyí tó máa ṣe, ó wá sọ fún gbogbo ẹbí pé Ọlọ́run pe òun sí ìtọ́jú ọpọlọ. Ọlọ́run kọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ló lé e débẹ̀.

Èmi rò pé bó ṣe jáde yunifásítì, ó parí. Mo rán kóòtù fún un, a ya fọ́tò, mo gbé e kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kò tíì parí, wọ́n ní kóun fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà. Ó ṣe é, ó ń sáré láti wọ́ọ̀dù kan dé òmíràn bí ẹni tí wọ́n fi ẹgba lé. Mo ní, “Ó wá parí báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí ọmọdé.

“Àǹtí, ìsinsìnyí gan-an la fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Èèyàn kì í ṣàdédé di àgbà dókítà ọpọlọ o. Ìdánwò wà tí wọ́n fi ń wọlé, òmíràn wà láàárín, èyí tó le jù wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde. Láàárín gbogbo ìyẹn, wọ́n á máa tì í kiri. Ó lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn géńdé. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé tí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, sọ́dọ̀ àwọn arúgbó tí wọn ò mọ ọmọ tí wọ́n bí mọ́, sọ́dọ̀ àwọn ọ̀mùtí, sọ́dọ̀ àwọn oníwárápá. Ibi tó bá dé, ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i pé ó ṣe é bó ṣe yẹ. Ó tún ní láti ṣèwádìí kan kó sì kọ ọ́ jáde ní odidi ìwé. Tiẹ̀ dá lórí bí àwọn ọlọ́dẹ ṣe ń sùn sí. Mo ní ọlọ́dẹ àdúgbò wa ń sùn dáadáa, àwa la kì í sùn. Ó ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ìwádìí. Ìwé yẹn nípọn bí ìrọ̀rí. Èyí tó mú wálé nínú ẹ̀, abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo fi sí, torí ẹsẹ̀ ibì kan kúrú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ṣe láyé nìyẹn.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi lòun àtìyàwó ẹ̀ ń gbé. Tíṣà nìyàwó ẹ̀, ọmọ gidi ni, àmọ́ ẹnu ẹ̀ mú ju sáàsì mi lọ. Mo-Ti-Mọ̀ ti ṣèlérí fún un pé tóun bá ti di àgbà dókítà, ọsibítù á fún wọn nílé nínú ọgbà wọn. Àwa obìnrin méjèèjì la jọ ń retí ọjọ́ náà. Òun ń retí ilé, èmi ń retí yàrá mi.

Ìdánwò ìgbẹ̀yìn yẹn, bó ṣe rí rèé. Wọ́n á mú ọ wọ yàrá kan, wàá bá aláìsàn tó ò rí rí níbẹ̀. Wọn ò ní fún ọ ní fáìlì, wọn ò ní sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ ó jọ sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, o máa wo ojú ẹ̀, o máa gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà wàá wá jókòó síwájú àwọn àgbà, kó o sọ ohun tó ń ṣe é àti ohun tó o máa ṣe sí i. Mo-Ti-Mọ̀ ti gbòdo níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ojú òun ló burú lójú wọn. Òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá gbòdo lẹ́ẹ̀mẹta, kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, wọ́n á fi ẹlòmíì sáyè ẹ̀, á padà sídìí ibà àti inú rírun.

Bí èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣe ń sún mọ́lé, ó sọ gbogbo wa di aláìsàn. Kò sẹ́ni tó lè jókòó jẹ́ẹ́. Á fa àga síwájú mi, á fajú ro.

“Àǹtí, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohùn nígbà tí kò sẹ́nì kankan nítòsí?”

“Rárá. Tìẹ ni mò ń gbọ́, o sì wà nítòsí. Ìyẹn gan-an nìṣòro mi.”

“Mo ti mọ̀. Inú ń bí yín. Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe yín bẹ́ẹ̀?”

“Látìgbà tó o ti fa àga yẹn.”

Ọkùnrin tó wá bá wa tún páìpù ṣe ń kọrin lábẹ́ ibi ìfọwọ́. Mo-Ti-Mọ̀ ní ayọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù, pé àìsàn kan wà tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní, “Ó ń kọrin ni, jàre. Ìwọ tí o ò kọrin rí látìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, kí lorúkọ tìẹ?” Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó wá wọ aṣọ wò lọ́dọ̀ mi. Aṣọ ò pa dé lẹ́yìn, ọmọ bú sẹ́kún. Kí n tó sọ pé màá tú ojú rírán ẹ̀ díẹ̀, Mo-Ti-Mọ̀ ti yọ láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Mo ti mọ̀,” ó ní àárẹ̀ ọkàn ló ń ṣe ọmọ náà, pé kó má tíì ṣe ìgbéyàwó kankan kó tó rí dókítà. Ìyá ọmọ náà sì jókòó síbẹ̀! Ó gba aṣọ ọmọ ẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ láìparí, ó bú mi dé ìta.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù ẹ̀ fún un. Ìyàwó ẹ̀ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ tán.”

Ó ní, “Mo ti mọ̀.”

Lọ́sàn-án ló padà dé, ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń fi ìka ṣàlàyé fún ẹni tí kò sí. Ohun tí Ìyá Ojú-Fèrèsé rí nìyẹn. Gbogbo ìbéèrè tó bi èèyàn níbẹ̀ ló ń tún bi ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá á lè rí ibi tó ti já. Ó wọlé, ó jókòó lé aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, mi ò sì lè lé e. Ìyàwó ẹ̀ ti iléèwé dé, ó ní, “Ṣé o yege?”

“Ohun tí mo rí lára ọkùnrin yẹn tọ̀nà.”

“Mi ò bi ọ́ níyẹn.”

Ibẹ̀ ló ti tú u síta. Nọ́ọ̀sì kan ló mú un wọ yàrá. Ó bá ọkùnrin méjì níbẹ̀, torí aláìsàn lè mú ẹni ẹ̀ kan dání. Ìkan wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó gún régé, bàtà ẹ̀ ń dán, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, kò sọ nǹkan kan. Ìkejì ò fá irùngbọ̀n, bọ́tìnnì ẹ̀ ṣí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, ojú ẹ̀ pọ́n. Nọ́ọ̀sì ní, “Dókítà, aláìsàn yín ni—” Ẹ̀yin náà mọ ohun tó sọ. Ó ní òun ti mọ̀, ó fọwọ́ júwe ọ̀nà fún nọ́ọ̀sì. Ó wá kọjú sí ẹni tí aṣọ ẹ̀ mọ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa jókòó síta díẹ̀.” Ọkùnrin náà dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kí i pé ẹ ṣeun dókítà, ó sì jáde.

Aláìsàn ló lé jáde yẹn.

Mo pariwo. Ìyàwó ẹ̀ ò pariwo, ìbéèrè ló bi í.

“Ẹni tó kù ńkọ́? Ṣé kò lẹ́nu ni?”

“Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Mo béèrè bó ṣe ń sùn, ó ní òun kì í sùn. Mo béèrè oúnjẹ, ó ní kì í wù òun. Ó ní ìgbà mìíràn, bóun bá ń wa ọkọ̀, ó máa ń ṣe òun bíi kóun kàn máa wà á lọ, kóun má padà. Ó sunkún, Àǹtí. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun rí.”

“O ò béèrè bóun ni wọ́n ń tọ́jú?”

“Mo rò pé mo mọ̀.”

Ohun tí ọkùnrin náà ò fi sọ pé òun kọ́ ni aláìsàn ni pé gbogbo ìgbà tó bá mú àbúrò ẹ̀ wá, wọ́n máa ń bi òun náà ní nǹkan kan. Ó rò pé tòní kàn gùn ni. Àwọn àgbà wá dé, mẹ́ta. Mo-Ti-Mọ̀ gbọn kóòtù, ó to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn: àárẹ̀ ọkàn, ó ti pẹ́, oògùn báyìí, ìtọ́jú báyìí. Obìnrin tó jẹ́ olórí wọn ní kó bi aláìsàn ní ìbéèrè kan níṣojú àwọn. Ó bá yíjú sí i. Ọkùnrin náà ní, “Ẹ má bínú o, èmi kọ́. Àbúrò mi ni. Ẹ ti ní kó jáde.”

Mo béèrè bóyá wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn pa ìwé wọn dé.

Ìgbà tó yá, ẹnu ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn àgbà yẹn ní kí ẹ̀gbọ́n náà máa bọ̀ wá gbàtọ́jú fúnra ẹ̀, pé lóòótọ́ ni nǹkan ń ṣe é. Mo-Ti-Mọ̀ bá ń fẹ̀ nínú ilé. “Ẹ rí i? Mi ò ṣàṣìṣe. Wọ́n fi òfin dá mi dúró ni.” Ìyàwó ẹ̀ ní, “Ẹni tí wọn ò ní kó o wò lo wò. Ẹni tí wọ́n ní kó o wò, o lé e síta. Tó bá jẹ́ iléèwé mi, odo ni màá fún ọ, màá tún ní kó o lọ mú òbí ẹ wá.” Mo ní òbí ẹ̀ rèé, mi ò sì ní lọ.

Mo jáde lọ bá Ìyá Ojú-Fèrèsé lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró sísàlẹ̀, mo ké sí i lókè. Mo ní, “Ọmọ mi ò ya wèrè, ó gbòdo ni! Tó o bá fẹ́ ròyìn, ròyìn ẹ̀ dáadáa!” Ó ní kì í ṣe òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Àfi bí ẹni pé fèrèsé ló sọ ọ́.

Ọ̀gá Mo-Ti-Mọ̀ ní ọsibítù, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, ní kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aláìsàn tó lé jáde. Ó fi òní dọ́la, ó ń fi ọ̀la dọ́túnla. Ó ní dókítà kì í bẹ aláìsàn. Ọ̀gá wá sọ fún un pé ọkùnrin náà ti padà sí wọ́ọ̀dù, pé kó lọ wò ó. Ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló dé lọ́jọ́ náà. Mo ń ṣí ọ̀pá abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi, kò kí mi. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ fọ́tò ara ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló fà á lẹ́nu. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì tó gún régé yẹn ò sí lára ọkùnrin náà mọ́, pé ó ti bọ́ bàtà sọ nù. Bó ṣe kúrò níbi ìdánwò lọ́jọ́ yẹn ló ti da oògùn ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò lo ọ̀kan. Ohun tó ń sọ fún gbogbo wọn nílé ni pé, “Dókítà wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí n jáde. Ká ní nǹkan ń ṣe mí ni, ṣé á ní kí n jáde?”

“Kí lo wá sọ fún un?” Ìyàwó ẹ̀ ló béèrè.

“Mo ní kó má bínú.”

“Kí ló sọ?”

“Ó ní òun ò mọ̀ mí.”

Mo ní èébú kan lẹ́nu tí mo ti tọ́jú sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ yìí, èébú tó dára. Mo gbé e mì. Mo bu omi fún un, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ń sọ ìtàn oníbàárà mi kan fún un, ìtàn tó gùn tí kò sì nídìí. Mo sọ ọ́ dé ibi tí mo ti máa ń retí pé á já a gbà. Kò já a gbà. Ó ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí, mo ní, “Ṣé ara ẹ yá?” Ó ní, “Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, Àǹtí.” Mi ò rántí èyí tó kù mọ́. Ó tún ń lọ sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tí kì í ṣiṣẹ́, á jókòó ti ọkùnrin yẹn, kò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló sọ fún mi. Òun kò sọ, ìyẹn pàápàá jẹ́ ìyanu, torí kò sóhun tó ṣe rí tí kò fi fọ́nnu.

Ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé. Èyí ni ìkẹyìn, gbogbo wa la mọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ò tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí. Èmi náà rán apá ọ̀tún mọ́ ọrùn ẹ̀wù, mo tú u, mo tún rán an síbẹ̀.

Ó yege. Láìpẹ́ láìjìnnà, àdúgbò tó ní ó ya wèrè ń wá kí wa kú oríire. Ta ni ẹ rò pé ó kọ́kọ́ dé? Ìyá Ojú-Fèrèsé ni o, ó fa àbúrò ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí dókítà bá òun wò ó, pé kì í sùn. Ojú ò tì í rárá. Ṣé ojú sì kù fún títì, tó ti lò ó tán sí títì wa? Mo ní kó mú un lọ sí ọsibítù, kó tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kó lọ sí ilé tí ọsibítù fún wọn, ìyàwó ẹ̀ ti jókòó síwájú ọkọ̀ tipẹ́, ó ń tẹ fèrè. Mo-Ti-Mọ̀ wọlé wá dágbére fún mi. Mo ní, “Kó o tó lọ, sọ fún mi. Kí lo ṣe lọ́tẹ̀ yìí tó yàtọ̀? Ṣé wọ́n fún ọ ní aláìsàn tó rọrùn ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èèyàn méjì lòun tún bá nínú yàrá, obìnrin kan àti ọkùnrin kan.

“Ọ̀kan nínú wọn ṣe mí bíi pé òun ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí i. Mo wá ní, ‘Ẹ má bínú, èmi ò mọ èwo nínú yín ni mo wá rí.’ Ẹni tí mi ò fura sí rárá ló nawọ́, Àǹtí.”